Màmá Kì Í Dìde Kí Wọ́n Tó Bọwọ́

Ẹni tó bá ń wá ìjà Màmá Àgbà, kó sọ fún wọn nínú gbọ̀ngàn họ́kì pé eré ti parí, ẹ dìde ká máa lọ. Lójú wọn, fèrè tí rẹfirí fọn kẹ́yìn kò parí nǹkan kan. Àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ méjèèjì ṣì máa tò lórí yìnyín, wọ́n á bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n á sì máa bọ ara wọn lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ara wọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ tán. Ìgbà tí ẹni ìkẹyìn bá bọwọ́ tán ni Màmá tó máa mú báàgì. Doreen, aládùúgbò wa tó máa ń fi mọ́tò gbé wa lọ, kì í fẹ́ kí èrò dí òun mọ́ ibi tó páàkì sí, á ti máa mi kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Màmá ò ní wò ó. Èmi ni wọ́n máa wí fún pé, "Sọ fún un pé ohun tí mo wá wò ò tíì ṣẹlẹ̀."

Ìyá tó bí bàbá mi ni Màmá Àgbà. Sìkírátù Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, kẹrosíìnì ni wọ́n tà níbẹ̀ títí irun orí wọn fi funfun. Wọ́n wá sí London nígbà tí Mummy bí àbúrò mi, kí wọ́n lè bá wa gbé ọmọ fún oṣù díẹ̀. Oṣù díẹ̀ yẹn di ọdún. Thamesmead là ń gbé, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé kọnkéré tó yí adágún Southmere ká, atẹ́gùn ibẹ̀ kì í sì í bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣí gèlè lórí Màmá, wọ́n dúró, wọ́n wo ilé náà látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló lọ kọ́lé sójú ọ̀nà atẹ́gùn?"

Wọ́n ti kú báyìí. Mo ń kọ èyí nítorí pé mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa gbé e. Mo ṣì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ́ bàtà lọ sí balùwẹ̀ láti ṣe àlùwàlá láàárọ̀. Mo máa ń la ojú, mo máa ń dúró kí n gbọ́ ìró omi, mi ò sì ní gbọ́ nǹkan kan.

Doreen ló mú họ́kì wọ ayé wọn. Opó ni, àgbàlagbà obìnrin òyìnbó tó ń gbé ní ilẹ̀kùn kejì sí tiwa. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ máa ń lọ wo họ́kì orí yìnyín, ìjókòó ọkọ náà sì ti ṣófo. Ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ agbéniròkè kò ṣiṣẹ́, Màmá bá a gbé báàgì ọjà gun òkè. Doreen ní, "You come and watch the hockey with me Saturday, love." Gbogbo ohun tí Màmá gbọ́ nínú rẹ̀ ni "come", ìyẹn sì tó wọn. Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé wọn kí n máa túmọ̀. Nígbà tí mo sọ pé mi ò mọ họ́kì, wọ́n ní, "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Opó ló pè mí."

Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, díẹ̀ ló kù kí Màmá ba eré jẹ́. Àwọn ọmọkùnrin méjì ju ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n di ara wọn láṣọ mú, ẹ̀ṣẹ́ ń lọ, ẹ̀ṣẹ́ ń bọ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Rẹfirí alára dúró, ó ń wò wọ́n. Níbi tí wọ́n ti tọ́ Màmá dàgbà, ẹni tó bá rí ìjà tí kò là á, tí wọ́n bá ń pín ẹ̀bi lọ́la, á kan òun náà. Wọ́n ká ọwọ́ aṣọ sókè, wọ́n figbe bọnu: "Ẹ là wọ́n o! Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ṣé ẹ ò lójú ni? Ẹ là wọ́n!" Wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ dé ibi ògiri gíláàsì, wọ́n ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, kí Doreen tó bá wọn. "It's all right, love, they do that," ni Doreen ń wí, ojú sì ń tì mí débi pé mo fi jákẹ́ẹ̀tì bo orí.

Nígbà tí eré parí tí wọ́n tò, Màmá rí i tí àwọn méjèèjì yẹn pàdé. Èyí tí ètè rẹ̀ wú di ọwọ́ èkejì mú, ó gbá a léjìká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Màmá jókòó jẹ́ẹ́. Nínú mọ́tò, nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Tavy Bridge nítòsí ilé wa, wọ́n kọjú sí mi pé, "Ta ló kọ́ wọn ní ìyẹn?"

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di ti ẹgbẹ́ yẹn. Wọn ò pe orúkọ ẹgbẹ́ náà rí. "Àwọn ọmọ mi" ni wọ́n ń pè wọ́n. Doreen fún wọn ní síkáàfù pupa ti ọkọ rẹ̀, wọ́n sì máa ń wé e lé ìborùn wọn lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Woolwich, lọ sí mọ́ṣáláṣí pàápàá. Tí àwọn ọmọ wọn bá fìdí rẹmi, ẹ má bi wọ́n ní oúnjẹ alẹ́. Tí wọ́n bá borí, gbogbo ilé ló máa jẹ dòdò. Wọ́n máa ń kírun kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tẹ́ aṣọ sí igun kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta tíì. Doreen bi wọ́n lọ́jọ́ kan bóyá wọ́n ti gbàdúrà kí àwa borí. Màmá fi òyìnbó tiwọn dá a lóhùn: "I tell God make nobody die. The winning one, make they find am by theirself."

Ẹ̀pà inú ìgò ni wọ́n ń gbé lọ, ẹ̀pà tí wọ́n fúnra wọn yan. Wọ́n á bu ún fún gbogbo ẹni tó jókòó ní ìlà wa, wọ́n á tún na ọwọ́ sẹ́yìn fún àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ kejì. Mo ní, "Màmá, àwọn yìí ni enemy now." Wọ́n ní, "Ẹnu tó ń jẹ ẹ̀pà mi ò ní ráyè bú ọmọ mi."

Mo sọ ìwọ̀nyí kí ẹ lè mọ̀ pé Màmá kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ wọ́n di arúgbó ẹlẹ́rìn-ín músẹ́ tó ń fi ọwọ́ pa ọmọ lórí. Wọ́n lẹ́nu. Wọ́n lè bínú sí Mummy fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí iyọ̀ ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjà ẹlòmíì, wọn ò lè rí i kí wọ́n kọjá. Ní Powis Street ní Woolwich, awakọ̀ méjì ń fà á lórí ibi tí ẹnì kan máa dúró sí, ọ̀kan ti bọ́ kóòtù. Màmá wọ àárín wọn tàpò tàpò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń yọrí nínú rẹ̀, wọ́n ní, "Oya, beat me first. I am the oldest." Àwọn ọkùnrin méjèèjì wo ara wọn, ojú tì wọ́n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Màmá. Nígbà tí a wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n ní, "Ọkùnrin ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìjà sílẹ̀. Ó di kí ẹnì kan gbà á lọ́wọ́ wọn."

Ìjà kan ṣoṣo ni wọn ò rí gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń jà á, inú ọmọ wọn ló sì wà.

Daddy ni àkọ́bí. Uncle Ràúfù ló tẹ̀ lé Daddy. London làwọn méjèèjì ń gbé, Daddy ń wa bọ́ọ̀sì, Uncle ń fi mọ́tò kó èrò ní Woolwich. Daddy di ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó fẹ́ Mummy, Uncle dúró sínú ẹ̀sìn tí wọ́n bá nílé, ìyẹn ò sì dá ìjà sílẹ̀. Ikú bàbá wọn ló dá a sílẹ̀, kí Màmá tó wá sí London. Uncle Ràúfù wà nílé ní Ìjẹ̀bú-Igbó fún ìsinmi nígbà tí bàbá ṣàdédé kú láàárọ̀. Daddy bẹ Uncle lórí fóònù pé kó dúró de òun, òun ń bọ̀ nínú ọkọ̀ òfúrufú. Uncle ní òkú mùsùlùmí kì í sùn nílẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin bàbá. Ìgbà tí Daddy dé, erùpẹ̀ ló bá. Màmá wà nínú ilé lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n opó tuntun tí àwọn èèyàn ń dì mú ni wọ́n, kò sí ẹni tó bi wọ́n ní nǹkan kan. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Daddy sọ fún Uncle lọ́jọ́ náà lẹ́nu ẹni tó ju ẹyọ kan lọ: "Èmi àkọ́bí, erùpẹ̀ lo fi hàn mí."

Láti ìgbà náà, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Bọ́ọ̀sì kan ló gbé Thamesmead dé Woolwich, ó sì dà bíi pé òkun ló wà láàárín. Tí Daddy bá rí Uncle lókèèrè ní ọjà, Daddy á yà wọ ilé ìtajà tí kò ní ohun tó fẹ́ rà níbẹ̀. Màmá fi ẹran iléyá ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibì kejì, wọ́n pe àwọn ará ìlú wa jọ, wọ́n sunkún, wọ́n kọ oúnjẹ. Daddy máa ń wí jẹ́jẹ́ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe orúkọ yẹn nínú ilé mi." Màmá á wò ó títí, wọ́n á ní, "Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Kí n wá pè é ní kí ni?"

Ọdún tí àwọn ọmọ họ́kì Màmá dé ìparí ìdíje, àbí kí n sọ pé ọdún tí Màmá kú, ọdún kan náà ni. Ìpàdé mẹ́ta ni àwọn àti ẹgbẹ́ kejì máa ṣe, ẹni tó bá borí nínú méjì ló gbé ife. Màmá ní Ọlọ́run ti ṣí ilẹ̀kùn. Mo rò pé ife ni wọ́n ń sọ.

Ìpàdé kìíní, wọ́n ní àyà ń dùn wọ́n, kí Daddy sìn wọ́n lọ. Daddy lọ pẹ̀lú ojú dídì, ṣùgbọ́n nígbà tí a gbá gólù kejì wọlé, Daddy ń pariwo ju Doreen lọ. Àwa la borí. Nígbà tí wọ́n tò láti bọwọ́, Màmá gbá Daddy lórúnkún. "Àkàndé, ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Màmá. Eré ni wọ́n ń ṣe."

"Eré? Ẹ̀jẹ̀ ẹnu ìyẹn, ṣé eré ni?"

Ìlú àwọn ẹgbẹ́ kejì ni ìpàdé kejì wà. Màmá ní kí Uncle Ràúfù fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ. A fìdí rẹmi. Uncle jókòó, ó ń wo àwọn ọmọkùnrin náà tí wọ́n ń di ara wọn lọ́wọ́ mú, ó mí kanlẹ̀. "Màmá, mo mọ ibi tí ẹ ń lọ."

"Tí o bá mọ̀ ọ́n," ni Màmá wí, "wá bá mi débẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe kan ìpàdé kẹta. Màmá ò sọ fún Daddy tàbí Uncle pé èkejì ń bọ̀. Doreen yọ̀ǹda ìjókòó rẹ̀, ó lọ jókòó sí òkè. Daddy ti jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún Màmá, ó ń jẹ ẹ̀pà, nígbà tí Uncle Ràúfù yọ létí ìlà wa. Àwọn méjèèjì rí ara wọn. Uncle yí padà, Màmá sì nawọ́, wọ́n gbá kóòtù rẹ̀ mú. "Tí o bá ń lọ, gbé mi dání. Mi ò ní yọwọ́." Àwọn èèyàn ń wò wá. Uncle jókòó sí ọwọ́ òsì. Èmi wà ní ìlà iwájú wọn, mo ń yíjú wo ẹ̀yìn ju bí mo ṣe ń wo eré lọ.

Àwa la kọ́kọ́ gbá gólù wọlé. Bó ṣe wọlé, Daddy àti Uncle fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń kígbe, ọwọ́ kálukú wọn bọ́ sí èjìká Màmá, ó sì kan ara wọn níbẹ̀. Uncle wo Daddy. Mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ti ń ṣí. Daddy fa ọwọ́ tirẹ̀ kúrò, ó jókòó, kò sì pariwo mọ́ ní gbogbo eré náà.

Ẹgbẹ́ kejì gbá ọ̀kan padà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, wọ́n gbá èkejì. Fèrè dún. Àwa la pàdánù ife, Doreen ń sunkún lókè. Daddy dìde.

"Màmá, mo ń dúró dè yín nínú mọ́tò."

"Àkàndé, jókòó. Wọn ò tíì bọwọ́."

"Ẹ tàn mí wá síbí, Màmá. Mo ti jókòó pẹ̀lú rẹ̀. Ó ti tó."

Ó ń lọ. Uncle Ràúfù ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ó mọ̀nà ilé." Àwọn ọmọkùnrin ti ń tò lórí yìnyín. Màmá kọ ẹ̀yìn sí wọn. Mi ò rí kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n gbá ìró wọn mú, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ tẹ̀ lé Daddy, wọ́n ń pè é, "Àkàndé! Dúró! Dúró wò ó!" Bíà ti dà sórí àtẹ̀gùn níbi tí àwọn èèyàn ti ń fò lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ wọn yọ̀.

Àwọn ọmọ méjèèjì ló kúnlẹ̀ tì wọ́n. Daddy ń wí fún àwọn òyìnbó pé kí wọ́n má gbé wọn. Uncle náà ń wí fún àwọn òyìnbó kan náà pé kí wọ́n má gbé wọn. Nígbà tí áńbúláǹsì dé, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbà. Daddy dúró lápá kan ilẹ̀kùn, Uncle dúró lápá kejì, kò sí èyí tó lè wí fún èkejì pé ìwọ wọlé tàbí pé èmi ló máa wọlé. Màmá ń wò wọ́n láti orí bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin áńbúláǹsì ní, "Somebody, please." Èmi ni mo wọlé.

Egungun ìbàdí wọn ló ṣẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ó sì dà bíi pé ó ti ṣe dáadáa, lẹ́yìn náà ni òtútù wọ àyà wọn. Uncle ń wá lọ́sàn-án, Daddy ń wá nírọ̀lẹ́. Tí ọ̀kan bá pẹ́ lọ, èkejì á dúró nísàlẹ̀ títí ó fi máa jáde. Ojoojúmọ́ ni Màmá ń bi mí pé, "Ṣé wọ́n pàdé?" Màá ní, "Rárá, Màmá." Wọn ò bínú mọ́, ìyẹn ló sì ń dẹ́rù bà mí jù. Ọjọ́ kan wọ́n kàn di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Mo ti bí wọn tán. Mi ò lè tún wọn bí."

Wọ́n kú ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, kí ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì tó dé.

Ọjọ́ kejì la sin Màmá, ní ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn mùsùlùmí nínú ilẹ̀ ìsìnkú kan, lẹ́yìn tí ilé ìwòsàn fún wa níwèé. Àwa obìnrin dúró sẹ́yìn díẹ̀, èmi, Mummy àti Doreen. Daddy dá dúró lọ́tọ̀ lábẹ́ igi kan, nínú súùtù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Òjò ń pa á, kò sì rìn sí iwájú. Wọ́n gbé Màmá dé nínú aṣọ funfun. Wọ́n kéré. Mi ò mọ̀ pé wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀.

Uncle Ràúfù bọ́ sínú kòtò láti gba òkú ìyá rẹ̀. Àwọn ọkùnrin mọ́ṣáláṣí méjì fẹ́ tẹ̀ lé e wọlé, Uncle ní kí wọ́n dúró. Ó wo ọ̀nà ibi igi yẹn, omi ń dà lójú rẹ̀. Alfa wo ibi tó ń wò, ó bi í kẹ́lẹ́ bóyá mùsùlùmí ni ọkùnrin tó wà lábẹ́ igi. Uncle dáhùn kí gbogbo wa lè gbọ́: "Àkọ́bí wọn ni. Mi ò ní gbé wọn láìsí i." Alfa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Uncle gbé ohùn sókè. "Bọ̀dá mi," ló wí, "ẹ wá bá mi gbé Màmá. Mi ò lè dá gbé wọn. Ẹ wá, ẹ jọ̀ọ́."

Daddy kúrò lábẹ́ igi. Ó rìn wá, ó bọ́ bàtà, ó wọ inú kòtò náà pẹ̀lú súùtù, ó dúró sí ibi orí, Uncle dúró sí ibi ẹsẹ̀. Wọ́n gba Màmá. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tẹ́ wọn sílẹ̀, ẹsẹ̀ Uncle yọ̀ nínú ẹrẹ̀, Daddy sì na ọwọ́ kan, ó gbá a léjìká mú. "Rọra, Ràúfù," ni Daddy wí. "Rọra, àbúrò mi. Mo ti dì wọ́n mú."

Doreen bi mí ohun tí wọ́n ń sọ, mi ò sì lè túmọ̀ rẹ̀, ẹkún ti gba ẹnu mi. Gbogbo wa tó dúró létí kòtò yẹn la gbọ́ ọ. Màmá nìkan ni kò gbọ́.